Ìgò Òróró Kò Purọ́, Ṣùgbọ́n Kò Sọ Òtítọ́ Tán

Bí ènìyàn bá wọ ọjà lónìí, ì báà ṣe ní Oníṣà tàbí ní Kánò, ní Èkó tàbí ní Accra, kò ní ṣàìrí ìgò òróró tí a tò rẹrẹ sórí àtẹ. Òróró náà mọ́ gaara. A ya àwòrán ọkàn pupa sí ara ìgò, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀ pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ó dúró níwájú àtẹ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni dókítà sọ fún baálé rẹ̀ pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Ìyá náà ka àkọlé, ara tù ú, ó sanwó, ó gbé ìgò relé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń da òróró sínú ìkòkò láìwọ̀n ọ́n mọ́, nítorí ó gbà pé ewu ti kọjá.

Ohun tí a kọ sí ara ìgò náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni. Kò sí òróró kan tí a fún láti ara èso tàbí kóró igi tí ó ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó tó kà; ara ènìyàn àti ti ẹranko ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí ara ìgò òróró ẹ̀pà pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù níbẹ̀ dà bí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ara àpò gaàrí pé kò sí eegun nínú rẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí ìyá náà béèrè kí ó tó sanwó. Ìbéèrè náà, àti ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì, ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa.

Kí ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yìí gan-an? Ohun kan ni tí ó rọ̀ bí ìda, tí kì í pò mọ́ omi. Kì í ṣe májèlé. Ara kò lè ṣe kí ó má ní in, nítorí ó wà nínú ògiri tí ó yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ká. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tí ó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Lára rẹ̀ náà sì ni ara ti ń mú ohun tí ó fi ń sọ ọmọdékùnrin di géńdé, tí ó sì ń sọ ọmọdébìnrin di ọlọ́mọge. Ẹ̀dọ̀ ni olórí ibi tí a ti ń ṣe é. Bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ fi ẹran, ẹyin tàbí wàrà kan ẹnu ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ṣe èyí tí ara nílò.

Nítorí pé kì í pò mọ́ omi, kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Alábàárù ni ó ń rù ú kiri. Oríṣi alábàárù méjì ni ó ṣe pàtàkì fún wa. Èkíní, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní LDL, ń gbé ẹrù láti ẹ̀dọ̀ lọ sí gbogbo ara. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní HDL, ń ṣa èyí tí ó ṣẹ́kù, ó sì ń dá a padà sí ẹ̀dọ̀. Bí àwọn alábàárù ìkínní bá pọ̀ jù ní ojú ọ̀nà, tí wọn kò rí ibi sọ ẹrù sí, wọn a máa wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, wọn a sì sọ ẹrù náà síbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa dì.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ogún ọdún lè kọjá tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ń fún sí i, tí ẹni tí ó ń ṣe kò sì mọ nǹkan kan: orí kò fọ́ ọ, ara rẹ̀ kò gbóná, oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ tí èépá ọ̀rá yìí bá ya nínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lé e lórí, ọ̀nà yóò sì dí pátápátá. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ó ń bọ́ ọkàn ni, àyà yóò fún olúwa rẹ̀ pinpin, ó sì lè kú lójijì. Bí ó bá jẹ́ iṣan ọpọlọ ni, àrùn ẹ̀gbà ni, ọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan á rọ, ọ̀rọ̀ á sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà náà ni àwọn ará ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ta á lọ́fà, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ṣe é ti wà ní ilé láti ọjọ́ pípẹ́.

Báwo ni oúnjẹ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn oníṣègùn méjì, Michael Brown àti Joseph Goldstein, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ìlú Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n la ọ̀nà fún wa láti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ náà ni a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá wọn lọ́lá fún ní 1985. Wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹbí kan tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń pọ̀ lódìlódì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti ìgbà ìbí, tí ọkàn àwọn ọmọ wọn mìíràn tilẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà. Wọ́n rí i pé àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára sẹ́ẹ̀lì, pàápàá lára ẹ̀dọ̀, tí LDL máa ń gbà wọlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ilẹ̀kùn náà bàjẹ́ tàbí kò sí rárá. Nínú àwa yòókù, ilẹ̀kùn wà, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ a máa pọ̀, a sì máa dín. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó ń dín in kù ni irú ọ̀rá tí a ń jẹ.

Ibi tí kókó ọ̀rọ̀ yìí wà nìyí. Ọ̀rá oríṣi kan wà tí ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí LDL yóò sì máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìríbi wọ̀. Ọ̀rá yìí kò nílò láti ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kankan nínú ara rẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ ibi yìí. Nítorí náà, kí a má ṣe béèrè pé, “Ǹjẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà nínú òróró yìí?” Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé, “Irú ọ̀rá wo ni ó wà nínú rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe ń lò ó tó?”

Ọ̀nà kan wà tí ará ilé lè gbà dá ọ̀rá yìí mọ̀ láìsí ẹ̀rọ. Ọ̀rá dídì ni. Ẹ wo ọ̀rá màlúù nínú ọbẹ̀ tí ó ti tutù, bí ó ti máa ń ṣù funfun sójú ìkòkò. Ẹ wo epo pupa àti àdín ní àkókò ọyẹ́, bí wọ́n ti máa ń dì nínú ìgò tí a ó fi gbé wọn sí oòrùn. Òróró ẹ̀pà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́ ilẹ̀ wa. Bí a bá fi òǹkà sọ ọ́, nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá dídì. Ti àdín tó 80 nínú 100. Ti òróró àgbọn lé ní 80. Ti òrí súnmọ́ ìdajì. Ṣùgbọ́n nínú òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà, ọ̀rá dídì kò tó 20 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìgò inú ọjà. Púpọ̀ nínú òróró tí ó mọ́ gaara tí à ń tà ní ilẹ̀ wa, ara èso ọ̀pẹ ni a ti fún un. A yọ àwọ̀ pupa rẹ̀ kúrò, a sì sẹ́ èyí tí ó dì jù nínú rẹ̀, èyí tí ó kù ni a ń pè ní “palm olein.” Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn ìgò dáadáa yóò rí orúkọ yìí ní lẹ́tà wínníwínní. Ọ̀rá dídì inú rẹ̀ ṣì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kì í ṣe ohun búburú tí a kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu, ṣùgbọ́n àwòrán ọkàn pupa kò sọ ọ́ di oògùn.

Ọ̀rọ̀ epo pupa fúnra rẹ̀ gba ìfarabalẹ̀, nítorí kò sí ilé kan láti Freetown dé Calabar tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Èso ọ̀pẹ tí a ti ń fún un ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ banga àwọn Urhobo, òun ni ti ofe akwu àwọn Ígbò, òun sì ni ti abenkwan àwọn Akan ní Gánà. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì Á, tí ó ń dáàbò bo ojú ọmọdé. Nítorí náà, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti da epo pupa nù. Ìwọ̀n ni a ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọ̀rá dídì má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ lọ. Fún ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ tó 2,000 kálórì, èyí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 22. Ṣíbí ńlá kan epo pupa ní bíi gíráàmù 7 ọ̀rá dídì. Ṣíbí mẹ́ta ti gbé e dé ojú ààlà, a kò sì tí ì mẹ́nu kan ẹran, wàrà tàbí àkàrà dídín. Ẹni tí ó ń da epo láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì sínú ìkòkò kò lè mọ iye tí ó jẹ. Ẹni tí ó ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n mọ̀. Kí a sì rántí pé bí a bá yan epo títí ó fi funfun, àwọ̀ tí ó ń ṣe ojú lóore ni a jó dànù. Ọ̀rá dídì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè nípa ẹyin, edé àti ìgbín, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kún inú wọn. Òótọ́ ni pé ẹyin ńlá kan ní nǹkan bíi mílígíráàmù 190, inú pupa ẹyin ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Ní ìgbà kan, àwọn ará Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe jẹ ju 300 lọ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà oúnjẹ tí wọ́n gbé jáde fún 2015 sí 2020 yọ òǹkà náà kúrò, nítorí ó ti hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ti inú ẹ̀jẹ̀ sókè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí ọ̀rá dídì ti ń ṣe. Edé inú ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹyin kan lóòjọ́ kò ba ẹni tí ara rẹ̀ le jẹ́. Òróró tí a fi dín in ni kí a fi ojú sí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí dókítà ti kìlọ̀ fún, béèrè ìwọ̀n tirẹ̀.

Irú ọ̀rá kan wà tí ó burú ju ọ̀rá dídì lọ. Ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá, a lè fi afẹ́fẹ́ háídírójìn la òróró tútù kọjá títí yóò fi le, kí ó lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Èyí tí a bá ṣe é ní ààbọ̀ ni ó ń mú ọ̀rá tí à ń pè ní “trans” jáde. Ọ̀rá yìí a máa gbé LDL sókè, a sì tún máa fa HDL wálẹ̀, èyí ni pé ó ń fi kún àwọn tí ń sọ ẹrù sílẹ̀, ó sì ń dín àwọn tí ń kó o kúrò kù. Inú màgàríìnì líle, bísíkíìtì, míìtì páì àti àwọn nǹkan dídín tí à ń rà lójú ọ̀nà ni a ti ń bá a pàdé. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè láti lé e kúrò nínú oúnjẹ. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó dáhùn: ìlànà Àjọ NAFDAC, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, kò gbà kí ọ̀rá yìí ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tí ó wà nínú oúnjẹ. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ti agbada gbogbo. Òróró tí a ti fi dín nǹkan lánàá, tí a tún fi dín lónìí, tí ó ti dúdú tí ó sì ń rú èéfín, ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ń jẹ nǹkan dídín lọ́dọ̀ aládìín, kí ó kọ́kọ́ wo ojú òróró.

Gánà náà fi àpẹẹrẹ kan lélẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹran olọ́ràá tí kò níye lórí ń ya wọ orílẹ̀-èdè náà láti òkè òkun, ìjọba ibẹ̀ sì fi ààlà sí iye ọ̀rá tí ó lè wà nínú ẹran tí a ń tà. Ìdí tòlótòló wà lára ohun tí a tìtorí òfin náà ti ilẹ̀kùn mọ́. Ohun tí ìjọba ṣe ní èbúté, olúkúlùkù lè ṣe é ní ilé ìdáná: kí a bó awọ adìẹ kúrò, kí a gé ọ̀rá ara ẹran sọ nù, kí a jẹ́ kí ọbẹ̀ ẹran tutù kí a sì bu ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò, kí a sì máa fi ẹja rọ́pò ẹran ní ọjọ́ púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀.

Títí dé ìhín, ohun tí a ó dín kù ni a ti ń sọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀dọ̀ náà wà, kò sì jìnnà sí wa. A ti sọ pé ẹ̀dọ̀ ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe òróòro. Òróòro yìí a dà sínú ìfun, a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìfun a fa púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sí ẹ̀dọ̀ láti tún un lò. Nísinsìnyí, nínú ẹ̀wà, ilá, èso àti ewébẹ̀ ni ohun kan wà tí inú wa kò lè dà, tí à ń pè ní fáíbà; oríṣi kan nínú rẹ̀ a máa yọ̀ mọ́ omi bí ilá. Bí èyí bá dé inú ìfun, a dì mọ́ òróòro, a sì gbé e jáde. Ẹ̀dọ̀ a wá rí i pé òróòro kò tó mọ́, kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fa LDL wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀, kí ó fi ṣe òmíràn.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Kánádà kó ìdánwò 26 jọ nípa ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 130 lóòjọ́, èyí tí kò ju abọ́ kékeré kan lọ, ń rí àdínkù LDL tí ó tó 5 nínú 100. Ta ni ó tún yẹ kí a kọ́ ní ẹ̀wà jíjẹ ní ilẹ̀ yìí? Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wáàkye àwọn ará Gánà. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni a fi ń ṣe ɗan wake ní Kánò, tí a ń fi òróró ẹ̀pà jẹ. Mọ́ínmọ́ín sì wà káàkiri. Ẹ̀wà kan náà ni àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ọ̀kan gba inú agbada kọjá, èkejì gba inú ooru omi. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sísun dára ju bísíkíìtì lọ láti fi panu, nítorí púpọ̀ nínú ọ̀rá ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀rá dídì.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Àwọn Fúlàní darandaran ń kọ́? Wàrà àti bọ́tà ni oúnjẹ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ara wọn sì le.” Ìbéèrè náà dára, àwọn olùwádìí sì ti béèrè rẹ̀ ṣáájú. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2001 nípa àwọn Fúlàní darandaran ní àríwá Nàìjíríà, a rí i pé nǹkan bí ìdajì agbára oúnjẹ wọn wá láti inú ọ̀rá, ìdajì ọ̀rá náà sì jẹ́ ọ̀rá dídì. Síbẹ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi ewu hàn. Àwọn olùwádìí náà ka èyí sí iṣẹ́ ohun méjì: wọ́n ń rìn púpọ̀, àpapọ̀ oúnjẹ tí wọ́n sì ń jẹ kò pọ̀. Kí ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, tí ó ń jókòó sórí àga títí ilẹ̀ fi ń ṣú, má ṣe fi darandaran ṣe àwíjàre. Bí ó bá fẹ́ jẹ bọ́tà darandaran, kí ó kọ́kọ́ rin ìrìn darandaran.

Ohun kan ṣì kù. Nítorí pé àìsàn yìí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè fi í hàn. Ẹni tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀gbà ní kékeré, kí ó lọ ṣe é. Àpapọ̀ tí a fẹ́ ni èyí tí kò tó mílígíráàmù 200 nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ilé-ìwòsàn tí ó ń lo òǹkà kejì yóò kọ 200 yìí ní 5.2. Bí oúnjẹ nìkan kò bá tó láti fà á wálẹ̀, pàápàá fún àwọn tí ó jogún ún, oògùn tí à ń pè ní statin wà, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Kí ẹni tí dókítà fún ní oògùn yìí má ṣe tìtorí àgbo tàbí ìgò òróró kan dá a dúró.

A fi ìyá yẹn sílẹ̀ ní ọjà. Ẹ jẹ́ kí a padà lọ bá a. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa yìí, kò di dandan kí ó ná owó púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Yóò yí ìgò náà padà, yóò ka ẹ̀yìn rẹ̀ ju iwájú lọ. Yóò ra ìgò kékeré dípò ńlá, yóò fi owó tí ó ṣẹ́kù ra ẹ̀wà àti ilá, yóò sì ra ṣíbí kan tí yóò máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo. Ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rá gbà wọ inú iṣan baálé rẹ̀. Ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ náà ni ìwòsàn yóò gbà wọlé, láti inú ìkòkò ọbẹ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.